Ẹ Kú Ìjókòó: Kí La Ń Sanwó Fún Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú?

Ọ̀rọ̀ ìjókòó gan-an la gbé wá lónìí.

Ìyá kan nínú yín ló bi wá léèrè. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Cotonou fẹ́ rán an lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà. Wọ́n ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí wọ́n fi owó kún un bí ìyá bá fẹ́ yan ìjókòó. Ìyá ní: "Ṣé orí ìdúró ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ ni, tí mo tún fi ń ra ìjókòó?" Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Orúnkún ń dun ìyá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìn náà tó bíi wákàtí mẹ́fà lófuurufú, kódà bí ọkọ̀ kò bá yà níbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a mọ̀. Bí ẹ bá wọ tàkísí láti Parakou lọ sí Cotonou, ọ̀nà tó ju 400 kìlómítà lọ, awakọ̀ lè kó èèyàn méjì síwájú, kó kó mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ na ara díẹ̀, owó ẹni méjì ni yóò san. Ìṣirò kan náà ló wà nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ mú rúlà ọmọ iléèwé, èyí tó gùn ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Ní ipò tí owó rẹ̀ kéré jù, láti ẹ̀yìn ìjókòó kan dé ẹ̀yìn èyí tó wà níwájú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 76 sí 81 sẹ̀ǹtímítà: rúlà méjì ààbọ̀ àti díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ 71 péré. Gbogbo rẹ̀ kọ́ sì ni àyè orúnkún o. Ìjókòó fúnra rẹ̀ ti gbà lára rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń fún un bẹ́ẹ̀? Ẹ bá mi ṣírò. Ká ní ọkọ̀ kan ní ọgbọ̀n ìlà ìjókòó. Bí wọ́n bá yọ sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ péré lára ìlà kọ̀ọ̀kan, 75 ni wọ́n rí yẹn. Ìlà tuntun kan ti wọlé, èèyàn mẹ́fà tó ń sanwó ti kún un. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2018 àwọn aṣòfin pàṣẹ pé kí ìjọba sọ ìwọ̀n tí ìjókòó kò gbọdọ̀ kéré jù.

Owó tí wọ́n ń ní kí a fi kún un kì í ṣe oríṣi kan.

Èkíní ni owó yíyan ìjókòó. Ẹ lè yan ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín, ṣùgbọ́n àyè ẹsẹ̀ kò yí padà. Bí ẹ kò bá san án, ẹ ṣì máa rí ìjókòó. Àwọn ni yóò yan án fún yín.

Èkejì ni owó àyè ẹsẹ̀, bí ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń nà. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọmọdé, aboyún tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò le síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló máa ṣílẹ̀kùn bí ewu bá dé.

Ẹ̀kẹta ni ipò ńlá, níbi tí ìjókòó ti lè di bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn, owó ńlá ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó fa owó yọ, ẹ bi wọ́n: "Ṣé ibi tí n ó jókòó ni mò ń rà, àbí àyè ẹsẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ìlera ló kù. Bí a bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun wa ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí a bá ká ẹsẹ̀ pọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa falẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì lè dì. Èyí tó bá dì lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa èèyàn. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrìn àjò tó bá tó wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì. Kò wọ́pọ̀, bí ẹnì kan nínú 6,000 ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú nìkan. Bọ́ọ̀sì àti tàkísí wà níbẹ̀. Ẹni tó lóyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó lọ.

Ohun tí a máa ṣe kò ná wa lówó. Ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò. Ẹ máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ẹrù dí ibi ẹsẹ̀ yín, ẹ mu omi, ẹ má wọ aṣọ tó fún. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró ní Dassa tàbí Bohicon, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń gbóná, tó ń dunni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òrí wọ́ ọ o. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dunni tàbí èémí bá ń ṣòro, ẹ má dúró rárá.

Ìyá wa, ìdáhùn yín rè é. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì kò yẹ yín, nítorí orúnkún yín. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín ni kí ọmọ yín bá yín wá, kí ẹ lè máa dìde láìbẹ ẹnikẹ́ni. Kó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n lè fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ ní pápákọ̀. Bí wọn ò bá lè ṣèlérí rẹ̀, kó san owó èkíní. Ìyẹn kò ṣòfò.

Ọlọ́run á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀. Ẹ̀yin yòókù, kí ẹ tó túká, ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀. Ó dàárọ̀ o.