Kọ̀ǹpútà Wà Nílé, Ẹni Tí Ó Ni Ín Wà Ní Ìdálẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn kò lè máa padà sílé nígbàkúùgbà tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà tí ó fi sílé ni ìwé ìṣirò owó rẹ̀ wà ńkọ́? Ṣé kí ó wọ mọ́tò láti Kánò dé Ìbàdàn nítorí ìwé kan ṣoṣo? Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti rí ojútùú sí ọ̀ràn yìí. Ènìyàn lè jókòó ní ìlú kan, kí ó máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tí ń bẹ ní ìlú mìíràn, bí ẹni pé iwájú rẹ̀ gan-an ni ó wà.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe ti àná. Láti ọdún 1969 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní Telnet fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ènìyàn bá tẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń wọlé, ni ó ń gba orí wáyà kọjá ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí a kò lẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń lò ó kò ju díẹ̀ lọ, kò sí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá ti kún, olè a máa bá èrò wọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1995, àwọn ọlọ́ṣà kan dẹ pàkúté sí orí wáyà Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, wọ́n sì ń kó ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí ibẹ̀, Tatu Ylönen, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó jókòó, ó ṣe ohun tí a mọ̀ sí SSH, ó sì fi í lé aráyé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù keje ọdún náà. Ẹnu ọ̀nà 22 ni wọ́n fún un, láàárín 21 tí í ṣe ti FTP àti 23 tí í ṣe ti Telnet. Ní ọdún 1999, àwọn oníṣẹ́ OpenBSD gbé OpenSSH jáde, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò títí di òní.

Iṣẹ́ SSH ni láti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ẹnà kí ó tó kúrò nílé. Ẹni tí ó bá ń yọ́ etí gbọ́ lójú ọ̀nà yóò gbọ́ ariwo, kò ní gbọ́ ìtumọ̀.

Ẹbí Unix, tí a bí ní Bell Labs ní ọdún 1969, ni irinṣẹ́ wọ̀nyí ti wá, Windows kò sì sí nínú ẹbí náà. Cygwin, tí ilé-iṣẹ́ Cygnus Solutions bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, ni ó kó irinṣẹ́ Unix wá sí orí Windows. Microsoft fúnra rẹ̀ sì ti fi OpenSSH kún Windows láti ọdún 2018.

Ẹni tí ó bá yan Cygwin yóò mú openssh àti cygrunsrv nígbà tí ó bá ń gbé e sórí ẹ̀rọ. Yóò ṣí fèrèsé Cygwin pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, yóò sì tẹ ssh-host-config. Bí ẹ̀rọ bá bi í bóyá kí sshd máa dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó dáhùn pé yes. Lẹ́yìn náà, yóò tẹ cygrunsrv -S cygsshd, yóò sì ṣí ẹnu ọ̀nà 22 nínú ògiri ààbò Windows. Láti orí ẹ̀rọ kejì, yóò tẹ ssh, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀, àmì @, àti àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ilé.

Ibi tí ewu wà nìyí. Kò ní pẹ́ tí a bá ṣí ẹnu ọ̀nà 22 sí gbangba tí àwọn àjèjì yóò fi máa kan ilẹ̀kùn, tí wọn yóò máa méfò ọ̀rọ̀ àṣírí tọ̀sán tòru. Kọ́kọ́rọ́ sàn ju ọ̀rọ̀ lọ. Àṣẹ ssh-keygen a máa ṣe méjì pọ̀: èyí tí ó dà bí àgádágodo, tí a ń fi sínú authorized_keys nílé, àti kọ́kọ́rọ́ gan-an, tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti ṣílẹ̀kùn dáadáa, nígbà náà ni kí a kọ PasswordAuthentication no sínú sshd_config, kí a sì tún sshd bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe é ṣáájú ìgbà náà ti ti ara rẹ̀ mọ́ta.

Kí arìnrìn-àjò tó dágbére fún ilé, ó yẹ kí ó da àmì ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ sí ìwé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá pè é láti ìdálẹ̀, ẹ̀rọ yóò fi àmì hàn án. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kí ó má ṣe wọlé, nítorí ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó rántí pé kọ̀ǹpútà tí ó sùn, tàbí tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í jẹ́ ìpè. Bákan náà, router ilé gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò darí àlejò sí. Kí ó sì dán gbogbo rẹ̀ wò láti ìta, kì í ṣe láti inú yàrá kejì.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ṣe é kí ó tó gbéra yóò wà ní ìdálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa tó ilé.