Godzilla ò kú o! Ẹ̀rù ẹlẹ́ja ló bí i, ó ti lé ní 70 ọdún

Ọ̀rọ̀ sinimá la gbé dé lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti olólùfẹ́ méjì, kì í sì í ṣe ti ìyàálé àti ìyàwó. Ọ̀rọ̀ ẹranko ni. Ẹranko kan tó máa ń ti inú òkun jáde nílẹ̀ Jàpáàn, tó ń fẹsẹ̀ méjì rìn, tó nírù bí ọ̀nì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gba fóònù yín lọ́wọ́ wọn lálẹ́, tí ẹ bá ibi tí ilé alájà ń wó gbì gbì, tí èrò ń sá kìjokìjo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Godzilla lorúkọ rẹ̀. Gojira làwọn tó ni ín ń pè é, ìnàkí àti ẹja àbùùbùtán ni wọ́n pa pọ̀ di orúkọ yẹn.

Ọdún 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di arúgbó, sinimá rẹ̀ sì ti lé ní ọgbọ̀n, síbẹ̀ wọn ò yé ṣe é. Kí ló dé? Ẹranko onírọ́bà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú rẹ̀, báwo ló ṣe ń dẹ́rù bani láti ìran dé ìran?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan ará Ìlobùú àti ará Ìfọ́n-Ọ̀ṣun nínú ọ̀rọ̀ ará Jàpáàn. Ẹ ní sùúrù. Ìlobùú ni ìlú Erinlẹ̀. Ta ni Erinlẹ̀? Bí àwọn àgbà ṣe ń pìtàn rẹ̀, ọdẹ ni, ọdẹ erin, tó wọlẹ̀ tó di odò, odò náà sì ń ṣàn títí dòní, ó ń lọ dà pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun. Àwọn kan ní erin tó wọ ilẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ìfọ́n ńkọ́? Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni, òrìṣà aláṣọ funfun. Ìlú méjèèjì so mọ́ra débi pé àlejò tó bá ń gba títì kọjá lè má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ẹni tó dàgbà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sọ fún un pé ohun kan tó tóbi ju erin lọ sùn sísàlẹ̀ omi, pé wọ́n lọ da oorun mọ́ ọn lójú, ó sì dìde, kò ní fi yín rẹ́rìn-ín. Á kàn bi yín pé: ta ló lọ jí i?

Ìbéèrè yẹn gan-an nìdí ọ̀rọ̀.

Eérú funfun lórí omi

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1954, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù kan ní erékùṣù Bikini, láàárín agbami òkun Pàsífíìkì, wọ́n ní àwọn ń dán an wò. Agbára bọ́ǹbù náà tó nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún èyí tó pa ìlú Hiroshima run ní 1945. Ọkọ̀ apẹja kan láti Jàpáàn wà lójú omi lọ́jọ́ náà, Daigo Fukuryū Maru lorúkọ rẹ̀, èèyàn 23 ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò sí níbi tí Amẹ́ríkà ní kẹ́nikẹ́ni má dé. Wọ́n kàn ṣàdédé rí i tí ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ yòò níhà ìwọ̀ oòrùn, bí ẹni pé oòrùn fẹ́ yọ níbi tí kì í ti í yọ. Nígbà tó ṣe, eérú funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé wọn lórí. Wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Kí wọ́n tó délé, awọ ara wọn ti ń bó, irun orí wọn ti ń já. Aikichi Kuboyama, tó wà nídìí rédíò inú ọkọ̀ náà, kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ tẹ́tí síbí. Ẹja tí wọ́n pa ńkọ́? Wọ́n ti gbé e dé, ó ti dé ọjà kí àṣírí tó tú! Jìnnìjìnnì bo gbogbo ìlú. Ìjọba ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ yẹ ẹja wò, èyí tí májèlé bọ́ǹbù bá wà lára rẹ̀, wọ́n ń dà á nù. Èyí tí wọ́n dà nù lọ́dún náà ju 400 tọ́ọ̀nù lọ. Owó ẹja já wálẹ̀. Ẹlẹ́ja tí ọjà tirẹ̀ ò tiẹ̀ ti apá ibẹ̀ wá, oníbàárà ń sá fún òun náà. Ẹni tó bá ti jókòó ti igbá ọjà rẹ̀ rí nígbà tí ìròyìn gba ìgboro pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń pa èèyàn, ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ní àdúgbò Suginami ní Tokyo, àwọn obìnrin ilé gbéra, àwọn ẹlẹ́ja náà wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń gbé ìwé kiri láti ojúlé dé ojúlé pé kí aráyé fọwọ́ sí i, àwọn ò fẹ́ bọ́ǹbù mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 1955, àwọn tó ti fọwọ́ síwèé ní gbogbo Jàpáàn ti lé ní 30 mílíọ̀nù. Obìnrin ò kéré o!

Àárín rúkèrúdò yẹn ni Godzilla ti jáde. Ishirō Honda tó darí sinimá náà ti jẹ́ ṣọ́jà rí, ó sì ti kọjá ní Hiroshima lẹ́yìn tí bọ́ǹbù run ún, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Oṣù Kọkànlá 1954 ni gbogbo ìlú ń rọ́ lọ wò ó, oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn eérú. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọkọ̀ kan wà lórí omi, ìmọ́lẹ̀ ńlá tàn, ọkọ̀ gbiná. Kò sẹ́ni tó jókòó sílé sinimá tí ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bọ́ǹbù ló jí ẹranko náà. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ìyá kan ti gbá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra lẹ́bàá ògiri bí iná ṣe ń bọ̀, ó ń sọ fún wọn pé wọn ò ní í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn. Bàbá wọn ti kú. Ẹni tó bá ń pe irú èyí ní eré ọmọdé, àfi kó tún un wò.

Nígbà tí àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà gbé e jáde lọ́dọ̀ tiwọn ní 1956, wọ́n gé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù sọnù, wọ́n ki òṣèré tiwọn, Raymond Burr, bọ àárín rẹ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n àyínìke!

Ọyẹ́ ọdún 1960

Àwa náà ò ṣàjèjì sí ẹ̀rù yìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, Faransé yin bọ́ǹbù tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aginjù Sàhárà ní ilẹ̀ Algeria. Ẹ kíyè sí oṣù tí wọ́n mú: oṣù Kejì, ìgbà ọyẹ́. Níbo lọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa? Ṣebí láti aginjù yẹn náà ni. Eruku tó ń bà lórí gaàrí àti èlùbọ́ yín látọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Nígbà tí Faransé yin ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ò gbà á ní kékeré. Ní oṣù Kìíní 1961, ìjọba Tafawa Balewa já okùn ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Faransé, wọ́n ní kí aṣojú rẹ̀ kẹ́rù rẹ̀. Ká ní a lówó sinimá nígbà náà, ta ló mọ irú ẹranko tí ì bá ti inú ọyẹ́ yọ sí wa?

Ẹ̀wù tó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì méjì

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin ló kàn. Eiji Tsuburaya ni ọ̀gá tó wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́ inú sinimá yìí. Wọ́n fi wáyà àti ọparun ṣe egungun ẹ̀wù náà, wọ́n fi rọ́bà bò ó. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wúwo tó nǹkan bí 100 kílò. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lé ọkùnrin kan lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá ní kó máa rìn bí ọba! Haruo Nakajima lẹni tó wọ̀ ọ́. Kò lè rìn jìnnà, ó ń ṣubú. Wọ́n tún òmíràn ṣe tó fúyẹ́ díẹ̀. Ooru inú rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, bí wọ́n bá bọ́ ọ, ṣe ni wọ́n ń da òógùn jáde nínú rẹ̀ bí ẹni da omi nù. Kó lè mọ bí ẹran ńlá ṣe ń gbésẹ̀, Nakajima lọ sí ọgbà ẹranko, ó ń wo béárì, ó ń wo erin. Ẹ gbọ́, ará Ìlobùú: erin! Títí di 1972 ló ń wọ ẹ̀wù náà. Ó kú ní 2017.

Ìlú tó ń wó ńkọ́? Wọ́n kọ́ ọ ni. Ilé tó bá ga ní mítà 25 lójú ayé, mítà kan ni wọ́n kọ́ ọ, pẹ̀lú fèrèsé, pẹ̀lú òpó iná, kí Nakajima lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa láàárín ìṣẹ́jú kan. Kámẹ́rà á máa sáré bí wọ́n bá ń yà á, kó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń fi han aráyé, ilé náà á máa wó jẹ́jẹ́ bí ohun tó wúwo. Igbe rẹ̀ tó ń kó àwọn ọmọ láyà jẹ, ìlù àti dùùrù ò sí níbẹ̀. Akira Ifukube tó kọ orin sinimá náà ló ní kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi oje igi ra fa okùn ohun èlò kan báyìí, tó dà bíi gòjé ṣùgbọ́n tó ga ju èèyàn lọ. Wọ́n wá dẹ ohùn náà sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Ṣé nítorí pé èèyàn wà nínú ẹ̀wù ni ẹ̀rù ò fi yẹ kó bani? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọdún egúngún, ẹ dá mi lóhùn. Ọmọ tó ń sá fún egúngún kì í béèrè télọ̀ tó rán agọ̀. Ìyàwó ilé tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ tó ń tọrọ ọmọ, ṣé kò mọ̀ pé aṣọ laṣọ ń jẹ́ ni? Ó mọ̀. Ohun tó wá bá níbẹ̀ ju aṣọ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni pé ẹ̀rù tí ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ ń bà, adùn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù tí èèyàn dá nìkan bà lóru nínú yàrá rẹ̀ kò ní adùn kankan. Èmi ṣì fẹ́ràn onírọ́bà ju àwọn tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yà nísinsìnyí lọ. Ẹni tí kò bá gbà, ojú ewé lẹ́tà wà níbẹ̀, kó kọ̀wé.

Wọ́n ti bà á jẹ́ nígbà kan o, kí n má purọ́. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ ọmọdé, ó ń bá Ghidorah olórí mẹ́ta jà láti gba aráyé sílẹ̀. Ní 1965 ó tiẹ̀ jó! Àti gíga rẹ̀, bí ilé ní Tokyo ṣe ń ga ni wọ́n ń mú òun náà ga. Ti 1954 jẹ́ mítà 50, kò tó ìdajì Cocoa House tó wà n'Íbàdàn, tó jẹ́ mítà 105. Ti 1984 di 80. Ti 2016 di mítà 118 àti ààbọ̀, ó ti wo orí Cocoa House kọjá.

Ìrẹsì Sumiko

Èyí tó jáde ní 2023, Godzilla Minus One, ló wọ̀ mí lára jù. Takashi Yamazaki ló darí rẹ̀. Owó tí wọ́n ná sí i kò tó mílíọ̀nù 15 dọ́là, owó kékeré ni lójú àwọn ará Hollywood, síbẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024 wọ́n gba ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀, Godzilla kankan ò gba irú rẹ̀ rí.

Mo fẹ́ kí ará Ìlobùú àti ará Ìfọ́n wò ó, mo sì ní ìdí. Lọ́dún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, tó kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun náà, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, èèyàn sá fi ọjà àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ìjọba Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹranko kankan ò ti inú odò Erinlẹ̀ jáde. Èmi ò ní dá ẹjọ́ ilẹ̀, iṣẹ́ mi kọ́. Sinimá ni mò ń sọ.

Nínú sinimá yẹn, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Tokyo ti di eérú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Shikishima, ẹni tí wọ́n ní kó fi ọkọ̀ òfurufú kọlu ọ̀tá kó sì bá a lọ, kò bá a lọ, ó padà wálé láàyè. Òbí rẹ̀ ti kú. Sumiko, obìnrin tí ilé wọn jọ kángun síra, ti pàdánù gbogbo ọmọ rẹ̀ sínú iná ogun. Bó ṣe fojú kan Shikishima, ó lù ú, ó ní ká ní àwọn bíi tirẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni, àwọn ọmọ òun ì bá wà láàyè. Ọ̀rọ̀ náà le. Kò pẹ́, ọmọ ìkókó kan tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá bá ara rẹ̀ nínú ahéré Shikishima, ọ̀dọ́bìnrin kan ló gbé e wá, kò sì sí oúnjẹ tí wọ́n lè fún un. Sumiko yọjú, ó wò wọ́n. Ó bú wọn. Ó padà lọ sílé tirẹ̀, ó gbé ìrẹsì funfun tó ṣọ́ jẹ wá, ó ní kí wọ́n fi ṣe omi ìrẹsì fọ́mọ náà mu, ó sì ń bú wọn lọ bó ṣe ń gbé e fún wọn.

Godzilla ò tíì wọ Tokyo nígbà yẹn o. Inú òkun ló ṣì wà.