Ṣé o mọ̀ pé róbọ́ọ̀tì ti ṣe ọmọ iṣẹ́ fún akanda ẹ̀dá nídìí kọ̀ǹpútà?

Ṣé o mọ̀ pé ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí róbọ́ọ̀tì ti wọ ọ́fíìsì? Níparí àwọn ọdún 1980, ọkùnrin kan wà tó ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Pacific Gas and Electric ní San Francisco. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa, kò lè lo ọwọ́, kò lè lo ẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Stanford àti ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Palo Alto gbé róbọ́ọ̀tì DeVAR sídìí tábìlì rẹ̀. Ẹnu ló fi ń pàṣẹ fún un. Apá irin náà á nà, á mú ìwé wá, á gbé omi tàbí oògùn sún mọ́ ọn.

Ṣé o mọ ohun tí DeVAR kì í ṣe? Kì í bá ọ̀gá rẹ̀ kọ prógíráàmù. Ọ̀gá ló ni iṣẹ́ ọpọlọ. Gbé-wá-gbé-lọ ni ti róbọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé lọ́nà Bajulaiye ní Ṣómólú, l'Ékòó, mọ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn níbẹ̀: "Wàsíù, mú flash yẹn wá! Wàsíù, pépà dà?"

Ṣé o mọ̀ pé iARM, apá róbọ́ọ̀tì àwọn ará Netherlands tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ arọ, kì í gbé ju nǹkan bíi kílò kan àbọ̀ lọ? Rímù A4 kan, oní gíráàmù 80, fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn kílò méjì àbọ̀. Ní Ṣómólú, a jẹ́ pé ó máa kọ́kọ́ tú rímù ná. JACO tí Kinova ń ṣe ní Kánádà náà wà, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lówó rẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ṣẹ́ ẹ sí náírà.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2012, ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde pé obìnrin kan tí sítírókù ti dè mọ́lẹ̀ fún bí ọdún 15 fi èrò ọkàn darí apá róbọ́ọ̀tì, ó sì mu kọfí fúnra rẹ̀?

Ní Tokyo, ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ yí padà. Ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n ṣí ilé kọfí DAWN, níbi tí àwọn róbọ́ọ̀tì OriHime ti ń dá oníbàárà lóhùn. Èyí tó ń gbé kọfí kiri ga tó sẹ̀ǹtímítà 120. Akanda ẹ̀dá tó ń darí róbọ́ọ̀tì wà nílé, nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn lórí ibùsùn. Ẹlòmíràn, ojú nìkan ló lè fi darí rẹ̀. Wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́ wọn.

Ká padà sílé. Ṣé o mọ̀ pé àpótí kékeré tó máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà tí o bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, èyí tí gbogbo wa máa ń yára pa dànù, akanda ẹ̀dá ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é? Sticky Keys lorúkọ rẹ̀. Nínú CorelDRAW, Ctrl, Shift àti Q lo máa tẹ̀ pọ̀ kó tó sọ ìlà etí àwòrán di odindi àwòrán: ó kéré tán, ìka mẹ́ta. Tí Sticky Keys bá ti tàn, ẹni tó ní ìka kan ṣoṣo, tàbí ẹni tó fẹnu mú ọ̀pá, á tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ á sì lọ.

Máòsì ńkọ́? Tẹ Alt àti Shift ti apá òsì pọ̀ mọ́ Num Lock, kí o sì gbà á láyè. Àwọn nọ́ńbà ọwọ́ ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù á di máòsì: 8 lọ sókè, 2 wá sísàlẹ̀, 4 sí òsì, 6 sí ọ̀tún, 5 ni kílíìkì. Bí ọwọ́ kò bá ṣeé lò rárá, prógíráàmù Camera Mouse wà, tí wọ́n ṣe ní Boston College: kámẹ́rà á máa wo góńgó imú rẹ, ibi tí imú bá yí sí ni atọ́ka máa lọ. Kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, mo sì gbà pé èyí kàn wá ju DeVAR lọ.

Ṣé o mọ̀ pé láti 2011 ni Èkó ti ní òfin àwọn akanda, tó bí LASODA, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn? Ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ akanda bó bá ti ṣeé ṣe tó. Ó sì fún àwọn ilé tí aráàlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún náà ti pé láti oṣù kìíní 2024.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò pólíò àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, àmọ́ àwọn tó ti mú ṣáájú ti dàgbà tẹ́ni tó ń wáṣẹ́. Ẹsẹ̀ ló mú púpọ̀ nínú wọn. Ọwọ́ wọn yá lórí kíbọ́ọ̀dù. Gọ́tà àti ṣọ́ọ̀bù òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló dínà mọ́ irú wọn ní Ṣómólú, àìsí róbọ́ọ̀tì kọ́.

Ṣé o mọ ìṣirò ìdagẹ̀rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ arọ máa gbà wọlé? Sẹ̀ǹtímítà kan ní gíga, 12 ní gígùn. Ẹnu ọ̀nà tó bá fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju ilẹ̀ lọ, irin ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 180 ló máa gbà. Wẹ́dà àdúgbò lè jó o pọ̀ lọ́jọ́ kan.