Oògùn Jẹjẹrẹ Ọyàn Náà Léèwọ̀



Bí oníṣègùn bá fún wa ní àgbo, a kì í gbé e kúrò níbẹ̀ láì bèèrè èèwọ̀ rẹ̀. Oògùn ilé ìwòsàn náà léèwọ̀, àgàgà oògùn jẹjẹrẹ ọyàn tó ti tàn ká ara. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan níbẹ̀, palbociclib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2015.

Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọyàn ló wà fún. Èyí tí họ́mọ́ọ̀nù ń bọ́, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kò ní HER2, ni wọ́n ń lò ó fún, pẹ̀lú oògùn mìíràn tó ń gbógun ti họ́mọ́ọ̀nù. Nítorí náà, ẹ má ṣe bu oògùn ìyá yín fún ẹlòmíì o. Kì í wo àrùn yìí tán. Ó ń dá a dúró ni.

Kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ máa pọ̀ sí i, àmọ́ ó ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà kù pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 21, tí wọ́n á sinmi fún ọjọ́ 7, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ìpele kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, àti ní ọjọ́ 15 nínú ìpele méjì àkọ́kọ́. Ẹ má fo ọjọ́ àyẹ̀wò. Bí ìyá bá gbàgbé ti òní, kó má lo méjì lọ́la.

Ibi tó léwu jù rèé: bí ara ìyá bá gbóná dé 38, tàbí tí òtútù ń mú un, ẹ má jókòó ti ìkòkò àgbo ibà. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Èèwọ̀ oògùn náà ni ọsàn gíréèpù. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú oògùn yìí palẹ̀. Gíréèpù á dí i lọ́wọ́, oògùn á wá pọ̀ jù lára. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, ńṣe ló ń jẹ́ kó tètè tán lára. Ewé náà lè ṣe èyí tàbí ìyẹn. Kí ìyá tó mu àgbo, ẹ kọ orúkọ gbogbo ewé àti egbò igi inú rẹ̀ lọ fún dókítà. Ẹ sọ fún oníṣègùn ilé náà pé ó ń lo oògùn.

Ìwúre àti ẹbọ kò bá oògùn jà. Ohun tó ń gba ọ̀nà ọ̀fun ni ká wádìí. Ire àlàáfíà á wọlé tọ̀ wá. Àṣẹ.