Ìlú Tí Wọ́n Ń Yà Láìsí Ènìyàn

Láàfin ilẹ̀ Èkìtì láyé àtijọ́, ilẹ̀kùn kì í kàn ṣe ohun tí a fi ń dí ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ọ̀kan fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ọjọ́ tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain Ambrose, wọ̀lú ló gbẹ́ sí i lára. Àwọn arẹrù gbé òyìnbó náà dé. Ògògà jókòó sórí ìtẹ́, olorì ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ fi irin gbẹ́ abẹ́ àwọn ère náà jinlẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lára pákó. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum fẹ́ rà á. Ògògà ò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ilẹ̀kùn yẹn ni ẹni tó sọ ìtàn ara rẹ̀. Àwọn ajẹ́lẹ̀ ń kọ̀wé ránṣẹ́ sílé nípa Èkìtì bó ṣe rí lójú tiwọn. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ìpàdé náà bí àwọn onílé ṣe rí i. Ojú yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo Detroit, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Ní 1950, ènìyàn 1,849,568 ló ń gbé Detroit. Nígbà tí ìjọba tún kà wọ́n ní 2020, 639,111 ló kù. Iṣẹ́ mọ́tò ti kó lọ síbòmíì, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ti kó lọ sáwọn ìlú tó yí i ká, ní 2013 sì ni ìjọba ìlú kéde pé apá àwọn ò ká gbèsè ọrùn àwọn mọ́. Àwọn ayàwòrán ti ń wọ́ wá kó tó dìgbà yẹn. Ibùdókọ̀ ojú irin Michigan Central, tí wọ́n ṣí ní 1913 tí wọ́n sì tì pa ní 1988, ni wọ́n fẹ́ràn jù: fèrèsé tó fọ́ tán, àjà tó ń ya lulẹ̀. Ìwé àwòrán tí Marchand àti Meffre, àwọn ará Faransé méjì, ṣe nípa àwókù ìlú náà jáde ní 2010. Àwọn fọ́tò náà rẹwà, n kò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n bóyá lẹ ó fi rí ènìyàn nínú wọn. Àwọn tó lé ní 700,000 ń dáná, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń sìnkú níbẹ̀ nígbà náà, kámẹ́rà ò sì rí wọn. Ó dùn mí gan-an.

Bẹ́ẹ̀ ìlú náà ti ní àwòrán tirẹ̀ tipẹ́. Iná jó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo Detroit ní oṣù kẹfà ọdún 1805. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Gabriel Richard, ló sọ ọ̀rọ̀ tó di ti gbogbo ìlú: à ń retí ohun tó sàn jù, yóò dìde láti inú eérú. Obìnrin méjì ló wà lórí èdìdì ìlú. Ọ̀kan ń sunkún ilé tó jóná, èkejì ń tọ́ka sí ìlú tuntun tó ń bọ̀. Èdìdì yìí wà lára ògiri mábù tó wà lẹ́yìn ère ńlá Spirit of Detroit, tí Marshall Fredericks ṣe, tí wọ́n ṣí ní 1958. Ìkan nínú àwọn obìnrin náà ò lé ìkejì jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé èdìdì náà sòótọ́ ju fọ́tò àwókù lọ. Ó sòótọ́ ju ìròyìn tuntun nípa ìlú náà lọ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí Ford ti ra ibùdókọ̀ náà ní 2018, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i lóṣù kẹfà 2024, ariwo pé Detroit ti jí ló gbòde. Ẹkún àwọn tí ìjọba gba ilé lọ́wọ́ wọn nítorí owó orí kò sí nínú ariwo náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọnà gbígbẹ́. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ní: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fífín. Nínú iṣẹ́ ojú pákó, ilẹ̀ ni ẹ máa gbẹ́ wọlé kí ère tó lè yọ, òjìji á sì bá a yọ. Kò ṣe é tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bíi bọ́tìnnì kámẹ́rà. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ìlú yóò bá a gbé pẹ́.

Oníṣẹ́ ọnà kan, Olayami Dabls, bá Detroit gbé pẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà kó tó dá ti ìlẹ̀kẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní òpópónà Grand River. Ó kan pákó ọlọ́dà, irin àti àfọ́kù dígí mọ́ ògiri àwọn ilé ibẹ̀. Ní gbangba ìta, ó kó irin àti òkúta jọ, ó pè é ní ibi tí irin ti ń kọ́ òkúta bí wọ́n ṣe ń dípáàrà. Òyìnbó ni irin, Áfíríkà ni òkúta. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà dúró níwájú àwọn dígí náà yóò bá ara rẹ̀ nínú fọ́tò tó yà, pẹ̀lú títì Detroit àti àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀.