Ewé tó ti tó já ló máa sọ ohun tá a fẹ́ jẹ lálẹ́

Kí la fẹ́ jẹ lálẹ́ òní? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé wọlé láti ibi iṣẹ́, lẹ́yìn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti fojú wa rí màbo tán. Ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà ju méjì lọ: ká yà sọ́jà lọ ra ẹ̀fọ́ tó ti ń rọ láti àárọ̀, tàbí ká gbé omi kaná, ká da Indomie sí i. Mi ò bá Indomie jà o. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kan, tí àwọn ọmọ ò rí ewé jẹ láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdeè, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀lẹ nìyẹn, ó ti di ọ̀rọ̀ owó.

Ohun tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lónìí ni oúnjẹ alẹ́ tó ń ti ara nǹkan tá a fọwọ́ ara wa gbìn sílé wá, yálà ẹ̀yìnkùlé lẹ ní, tàbí bákónì fúláàtì tí kò gbà ju àga méjì lọ. Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe lódì níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ pinnu ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sè, wọ́n á wá máa wá ewé rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá ń gbin nǹkan gbọ́dọ̀ yí i padà: ewé wo ló ti tó já lónìí? Ibẹ̀ ni ọbẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa tó lóko lẹ́yìn ilé ò mọ ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á gbé abọ́ jáde, wọ́n á wo ohun tó wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n bá gbé wọlé náà la ó jẹ.

Kí ló dé tó jẹ́ ewé ni mò ń tẹnu mọ́? Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ ti wọ inú gbogbo nǹkan tá à ń jẹ. Nígbà tó máa fi di oṣù Keje ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti kéde ipò pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Gàrí lè dúró oṣù mélòó kan nínú ike. Iṣu lè dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ewédú tí wọ́n já láàárọ̀ kùtùkùtù ti ń rọ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Èyí tó bá jẹrà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra èyí tó kù lẹ máa sanwó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ ra iṣu, ẹ ra èlùbọ́, ẹ ra gàrí, kẹ́ ẹ má da ara yín láàmú láti gbìn wọ́n sínú ike. Ewé ni kẹ́ ẹ gbìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tòmátì bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ló ń dun gbogbo wa jù, pàápàá tá a bá rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ lókè Ọya, tí ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì, tí àwọn èèyàn sì ń pè é ní Ebola tòmátì. Àmọ́ òjò àti ooru ọ̀rinrin ìhà ọ̀dọ̀ wa kì í jẹ́ kó rọrùn. Á yọ òdòdó dáadáa, á wá jẹrà kó tó pọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fi í bẹ̀rẹ̀ ló gbé ike wọn sọnù. Ata wẹ́wẹ́ sàn jù ú lọ. Igi kan tó bá ti gbó dáadáa á máa so fún oṣù mélòó kan, ilé kékeré ò sì nílò ju igi méjì lọ.

Ike ọ̀dà tó ti ṣófo, àpò ìrẹsì, abọ́ ìfọṣọ tó ti sán létí, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò jáde, ẹ po iyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tó sì ti gbẹ. Èyí tó ṣì tutù á jó irúgbìn pa. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ń dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ike kan ò lè bọ́ ìdílé. Ẹ̀fọ́ tó kún abọ́ ńlá báyìí, bí omi gbígbóná bá ti kàn án, ìkúùkù kan ló máa dà. Fún ilé èèyàn mẹ́rin, mo máa ní kẹ́ ẹ ní ike mẹ́fà sí mẹ́jọ, kẹ́ ẹ má sì gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gbin méjì lónìí, kẹ́ ẹ gbin méjì mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọ̀kan lè máa tó já bí ọ̀kan ṣe ń rú.

Ewédú ni mo fẹ́ràn jù. Irúgbìn rẹ̀ ní èèpo líle; ẹni tó bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ lè máa wọ̀nà títí kó má rí nǹkan kan. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, ẹ yọ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ó ti tó já. Ẹ má fà á tu o. Ẹ gé orí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìdí sílẹ̀, á tún yọ ẹ̀ka. Ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ọbẹ̀ wo ló tún yá tó o? Omi díẹ̀ hó, kaun bín-ín-tín, irú, ewé tẹ́ ẹ ti ṣàn mọ́, ẹ má dé ìkòkò, kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ẹ fi ìjábẹ̀ já a. Bí ẹran bá ti wọ́n jù, ẹ lọ ìwọ̀nba ẹ̀gúsí, ẹ rò ó mọ́ ewédú yẹn pẹ̀lú edé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó jinná lórí iná kékeré. Ewédú ẹlẹ́gúsí nìyẹn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmàlà, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹran lọ́wọ́ yín.

Tẹ̀tẹ̀ ló yá jù nínú gbogbo wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin péré. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà dì jọ síbì kan. Ṣọkọ náà ń bá a rìn. Omi ló máa ń ba ẹ̀fọ́ rírò jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ẹ bá bọ ewé tán, ẹ fún un dáadáa. Ẹ sè ata kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ dín in nínú epo pupa pẹ̀lú irú àti àlùbọ́sà títí epo á fi léfòó, ẹja gbígbẹ á tẹ̀ lé e, ewé ló kẹ́yìn. Kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá ro òkèlè. Iṣu sísè pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò ń lọ pa pọ̀, ìrẹsì funfun náà ń gbà á. Fún àwọn ọmọ tó máa ń ṣa ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, àsáró ni kẹ́ ẹ fi mú wọn: bí iṣu bá ti rọ̀, tẹ́ ẹ ti fọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọbẹ̀ lè ki, ẹ rẹ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, ẹ rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ pa iná lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ ṣa á? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, tẹ̀tẹ̀ yìí náà ni àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní callaloo, ó sì ń hù dáadáa níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Gbúre ò tiẹ̀ nílò irúgbìn. Ẹ ra ìdì kan lọ́jà, ẹ jẹ ewé rẹ̀, ẹ ki ọ̀pá rẹ̀ bọ ilẹ̀ tútù, ó tán. Omi tó wà lára rẹ̀ pọ̀, ẹ má tún bu omi sí ọbẹ̀ rẹ̀. Ewúro àti efinrin, igi kọ̀ọ̀kan tó ilé kan. Ẹ fi iyọ̀ gbo ewúro kí ìkorò rẹ̀ lè dín kù, àmọ́ ẹ má gbo gbogbo rẹ̀ tán jàre, kí lẹ fẹ́ fi ewúro tí kò korò ṣe? Ní ti efinrin, ẹ já ewé mẹ́rin márùn-ún sínú ẹyin tẹ́ ẹ fẹ́ dín, kẹ́ ẹ fi jẹ iṣu.

Ilá ń fẹ́ sùúrù díẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60 kó tó so, ó sì ń fẹ́ ike tó jìn. Ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. Ọjọ́ méjì-méjì lẹ gbọ́dọ̀ máa já a, torí èyí tẹ́ ẹ bá gbójú fò lónìí ti di igi ní ọjọ́ kẹta. Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ wò: bó bá dún, tó ṣẹ́ wẹ́rẹ́, ó dára, bó bá tẹ̀ láìṣẹ́, ó ti gbó, ẹ fi ṣe irúgbìn. Ilá alásèpọ̀ ni oúnjẹ alẹ́ tó gbà mí lọ́wọ́ gáàsì. Ìkòkò kan ṣoṣo, ata, irú, pọ̀nmọ́ tàbí pánlá, epo díẹ̀, ilá tẹ́ ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́ wọlé kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì máa fi omi gbígbóná te ẹ̀bà nígbà tó bá ń hó lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Ẹ̀fọ́ ilé ò dáa jù tọjà lọ lásán torí pé ilé ló wà. Bí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá wá láti ẹ̀gbẹ́ títì, láti ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sí, tàbí láti orí ààtàn tí wọ́n ti ń sun bátìrì, májèlé inú rẹ̀ ń gba ara ewé wọlé, fífọ̀ ò sì lè yọ ọ́. Omi gọ́tà kò gbọ́dọ̀ kan án. Àpò tí wọ́n ti fi kó oògùn kòkòrò rí, ẹ má gbin nǹkan sí i. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn apakòkòrò inú ilé, dichlorvos, tí àwọn kan ń fín sí ẹ̀fọ́. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn bí ẹni pé omi lásán ni. Oúnjẹ ọmọ yín lẹ ń fín in sí o! Ẹ fọwọ́ ṣa kòkòrò náà láàárọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gún ewé dóńgóyárò, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì fín omi rẹ̀ sí ewé.

Omi náà nílò owó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà mọ ohun tí mò ń sọ. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì àti èyí tẹ́ ẹ fi fọ ẹ̀fọ́, ike ewé ló yẹ kẹ́ ẹ dà á sí, kì í ṣe ojú gọ́tà. Ti ọṣẹ ìfọṣọ ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹ ó ṣì ra epo, ẹ ó ra irú, ẹ ó ra ẹja. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ike mẹ́jọ máa mú yín kúrò lọ́jà. Owó ewé àti ìrìn ọjà lójú alẹ́ ló máa dín kù, àti Indomie ọjọ́ kẹrin yẹn.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ewédú wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ọ̀gbìn nínú ọjà. Bẹ́ ẹ bá fọ́n tẹ̀tẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ sì ki gbúre bọlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí nǹkan fi se àsáró kí oṣù tó ń bọ̀ tó tán. Nígbà yẹn, ewédú ike kejì náà á ti fẹ́ẹ̀ tó.