Orúkọ fún Ohun tí Ń Mú Ẹ̀tù Bú: Èdè Iṣẹ́ Ìfọ́kùúta ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àpáta kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Abẹ́ Olúmọ ni ìlú Abẹ́òkúta ti gba orúkọ. Akọ òkúta ni a ń fọ́ ní agbègbè ìlú náà fún títì àti ilé. Ní Ewékorò, òkúta ẹfun ni a ti ń wà láti 1960 fún sìmẹ́ńtì. Ẹ̀tù ni a fi ń la irú òkúta wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí, ‘dáyánáàmáìtì’ ni a ń pe gbogbo rẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ kan yìí bò mọ́lẹ̀. Ọdẹ tí ń yin ṣákábùlà mọ̀ pé ẹ̀tù kì í dá bú. Nǹkan mìíràn ni yóò ta iná sí i. Ní ibi ìfọ́kùúta, nǹkan náà jẹ́ páìpù kékeré tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ó sì léwu púpọ̀. Òun ni ó ń jí ẹ̀tù tí ó wà nínú ihò àpáta. A dábàá pé kí a pè é ní amẹ́tùbú (a + mú + ẹ̀tù + bú).

Ìtàn ti ìyàtọ̀ yìí lẹ́yìn. Alfred Nobel, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti ṣe amẹ́tùbú kí ó tó gba ìwé-àṣẹ lórí dáyánáàmáìtì ní 1867. Lẹ́yìn èyí ni amẹ́tùbú oníwáyà dé, tí ti ọ̀pá róbà tín-ín-rín sì tẹ̀ lé e. Láti bí 1990 ni amẹ́tùbú aṣírò ti ń gbilẹ̀.

Kí ni ó ń ṣírò? Ihò púpọ̀ kì í bú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Àlàfo àárín wọn ni a pè ní ìdádúró. Ìdáẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ti àtijọ́, ẹ̀tù tí ń jó ni ó ń ka ìdádúró, kì í sì í kà á bákan náà nígbà gbogbo. Bí ihò méjì bá ṣèèṣì bú pọ̀, ilẹ̀ yóò mì ju bí ó ti yẹ lọ. Amẹ́tùbú aṣírò ń ka ìdáẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, a sì lè yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí a tó yìn ín.

Jíjìn ihò, ìwọ̀n ẹ̀tù, ìdádúró, àti bí ilẹ̀ ti mì lẹ́bàá ilé: gbogbo èyí, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, ni àkọsílẹ̀ ìwọ̀n. Bí ògiri abúlé bá lanu, òun ni ẹlẹ́rìí láàárín àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: àìbú, èyíinì ni ẹ̀tù tí ó kọ̀ tí kò bú, tí ó sì lè pa ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ 16 Oṣù Kìíní 2024, ẹ̀tù bú ní Bódìjà, Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé. Ẹ̀mí ṣòfò. Aládùúgbò tí kò mọ orúkọ ohun tí ó rí, báwo ni yóò ṣe kìlọ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ́ni, ẹ fi kọ ìwé ìkìlọ̀ fún àwọn abúlé ìtòsí. Èyí tí kò bá rọ̀ wọ́n lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí a tún un dá.